Bí A Ṣe Lè Mú Kí Bátìrì Fóònù Àti Ti Làǹtánà Wa Pẹ́ Lọ́wọ́

  

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lóṣù yìí dá lórí bátìrì tí à ń ṣáàjì: ti fóònù, ti ẹ̀rọ POS, ti páwá báǹkì, ti làǹtánà rìṣájébù àti ti fáànù. Bí ẹnì kan bá ní kí ni ìyá aláta fẹ́ fi ẹ̀kọ́ bátìrì ṣe, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ ká a dé ìsàlẹ̀. Bí a bá rọra pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Láyé àtijọ́, inú tòbí ni owó ọjà máa ń wà. Lónìí, púpọ̀ nínú owó wa, inú fóònù ló ń gbà wọlé. Láti ìgbà tí owó náírà di ọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, oníbàárà tó ń fi fóònù sanwó ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Á ra ẹ̀wà, á ra gàrí, lẹ́yìn náà á ní, "Màmá, ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì yín." Ká ní fóònù wa ti kú lásìkò yẹn, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé owó wọlé? Àwọn gbájúẹ̀ mọ èyí dáadáa. Bí wọ́n bá ti rí i pé fóònù ìyá ti kú, wọ́n á na aláàtì ayédèrú síwájú rẹ̀ lórí fóònù tiwọn, wọ́n á gbé ọjà, wọ́n á sì lọ. Alẹ́ ni ìyá tó máa mọ̀ pé owó kankan ò wọlé. Nítorí náà, bátìrì tó bá kú lọ́sàn-án gangan, ó lè gbé odindi àpò gàrí lọ.

Ìdí kejì ni pé bátìrì ò pọ́ọ́kú mọ́. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ bátìrì fóònù lọ́dọọdún, tó tún ń ra làǹtánà tuntun lẹ́yìn oṣù mélòó kan, èrè ọjà rẹ̀ ló ń ná síbẹ̀.

Ìdí kẹta ló wúwo jù. Bátìrì tí a bá lò nílòkulò lè gbiná. Ọjà tí páànù kan páànù, tí igi kan igi, gbogbo wa la mọ ohun tí iná kékeré kan lè dì níbẹ̀ lóru.

ORÍṢI MÉJÌ NI BÁTÌRÌ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n rò pé bátìrì ni gbogbo bátìrì. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Méjì ló wọ́pọ̀ jù láàárín wa, ìwà wọn ò sì jọra rárá.

Èkíní ni bátìrì lithium. Òun ló wà nínú fóònù, nínú páwá báǹkì, nínú ẹ̀rọ POS, àti nínú àwọn tọ́ọ̀ṣì kéékèèké tó ń tàn gan-an. Iléeṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Japan ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní 1991. Ní 2019, wọ́n fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ lé e lórí ní ẹ̀bùn Nobel: John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino. Baba Goodenough yìí ti pé ẹni ọdún 97 lọ́dún náà. Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ bátìrì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Èkejì ni bátìrì olójé. Òjé àti ásíìdì ni wọ́n fi ṣe é, ọmọ ìyá bátìrì mọ́tò ni. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ làǹtánà rìṣájébù ńláńlá, nínú fáànù rìṣájébù, àti nínú ọ̀pọ̀ bátìrì íńfátà.

Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀? Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Bátìrì olójé máa ń wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Wọ́n sábà máa ń kọ 4V, 6V tàbí 12V sí i lára, ẹ sì lè rí Pb níbẹ̀, èyí tó dúró fún òjé. Bátìrì lithium fúyẹ́, wọ́n á kọ Li-ion tàbí Li-Po sí i lára, tàbí 3.7V. Ẹni tí kò bá lè kàwé, kó ní kí ọmọ ilé ìwé bá òun kà á. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Làǹtánà tuntun míì ti ń lo lithium báyìí, nítorí náà ẹ má fojú ìta wò ó. Ẹ bi ẹni tó ń tà á, ẹ sì wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ há a sórí: bátìrì lithium ò fẹ́ ebi àpakú, kò sì fẹ́ àjẹyó ní gbogbo ìgbà. Bátìrì olójé ní tiẹ̀, àjẹyó ló fẹ́ ní tirẹ̀, ebi ló sì ń pa á.

BÍ BÁTÌRÌ LITHIUM ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fojú inú wo ìsọ̀ méjì tó kọjú síra, tí àwọn alábàárù pọ̀ láàárín wọn. Tí a bá fi fóònù sí iná, iná á lé gbogbo alábàárù lọ sí ìsọ̀ kan. Tí a bá ń lo fóònù, wọ́n á máa padà díẹ̀ díẹ̀ sí ìsọ̀ kejì, ìpadà wọn yẹn ló ń fún fóònù lágbára. Lílọ àti bíbọ̀ yìí ni iṣẹ́ bátìrì.

Ní gbogbo ìrìn, alábàárù díẹ̀ máa ń há sọ́nà, kò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Díẹ̀ ni, a ò tilẹ̀ ní mọ̀. Àmọ́ díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tó bá di ọdún kejì, ọdún kẹta, àwọn tó kù ò ní tó mọ́, ìgbà yẹn la ó máa sọ pé, "Fóònù mi ò gbé iná dúró mọ́."

Ohun mẹ́ta ló ń mú kí alábàárù tètè há. Àkọ́kọ́ ni ooru. Èkejì ni pé kí gbogbo wọn kún ìsọ̀ kan fọ́fọ́ fún wákàtí púpọ̀, ìyẹn ni pé kí bátìrì wà ní 100% pẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé kí ìsọ̀ kan ṣófo pátápátá, ìyẹn ni pé kí bátìrì kú fin-ín, ká sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iléeṣẹ́ Apple sọ nípa fóònù tiwọn títí dé iPhone 14 pé, bí a bá lo gbogbo agbára inú bátìrì tán tí a sì tún un ṣáàjì fún ìgbà 500, ó yẹ kó ṣì ku nǹkan bí 80% nínú agbára tó ní nígbà tó wà ní tuntun. Láti iPhone 15, wọ́n gbé e dé ìgbà 1,000. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: ká lo ìdajì lónìí, ká lo ìdajì lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kà á. Ẹni tó bá ń lo bátìrì tán pátá lójoojúmọ́, ìgbà 500 á pé fún un láàárín ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tó bá ń lo ìdajì lójúmọ́, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta kó tó débẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń dín iná tí fóònù ń jẹ kù, ọjọ́ orí bátìrì ló ń fà gùn.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE FÚN BÁTÌRÌ LITHIUM

1. Ẹ má jẹ́ kó kú kẹ́ ẹ tó ṣáàjì rẹ̀. Tó bá ti di 20% tàbí kó lé díẹ̀, ẹ wá iná fún un. Tó bá dé 80% tàbí 90%, ẹ lè yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ló ní ibi tí a ti lè sọ fún un pé kó dúró ní 80%. Ẹ ní kí àwọn ọmọ bá yín wá a nínú ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù tò. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa rìnrìn àjò, tàbí ọjọ́ ọjà ńlá, ẹ jẹ́ kó kún. Àwa la ni bátìrì, bátìrì kọ́ ló ni wá.

2. Ẹ sá fún ooru. Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ṣe fóònù sábà máa ń sọ pé kí ibi tí a ti ń lò ó má gbóná ju 35 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Abẹ́ páànù lọ́sàn-án oṣù ẹrẹ́nà lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn tó dán an wò rí i pé bátìrì lithium tó kún 100%, tí wọ́n gbé síbi tó gbóná tó 40 fún ọdún kan gbáko, agbára tó kù nínú rẹ̀ ò ju 65% lọ. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé síbi ooru kan náà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ 40% ni iná inú rẹ̀, ṣì ní 85%. Ẹ wá rí i pé ooru àti kíkún tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á bà á jẹ́ ni.

Nítorí náà, ẹ má gbé fóònù sórí tábìlì tí oòrùn ń pa. Ẹ̀yin alákàrà, ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ má kì í bọ abẹ́ òkìtì aṣọ nígbà tó bá ń gba iná. Ẹ̀yin tó máa ń fi í sí àyà, òógùn lè wọnú ojú ihò tí a ń ki ṣájà bọ̀, kó sì bà á jẹ́. Àpò tó ṣí díẹ̀, níbi òjìji, ló dáa jù. Tó bá sì ti gbóná jù, ẹ má gbé e sínú kúlà omi dídì tàbí fìríìjì. Inú rẹ̀ á làágùn, omi á sì bà á jẹ́. Ẹ kàn pa á, kẹ́ ẹ gbé e síbi atẹ́gùn.

3. Ẹ má sá bátìrì lithium sóòrùn láéláé. Ẹ̀yin àgbà rántí ìgbà ayé bátìrì rédíò àtijọ́, tó bá ti fẹ́ kú, a ó sá a sóòrùn, rédíò á tún sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Bátìrì àlòdànù nìyẹn. Ẹni tó bá sá ti fóònù sóòrùn, ewu ló ń sá.

4. Ẹ dín ohun tó ń jẹ iná kù. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù ló sábà máa ń jẹ jù, ẹ dín in kù. Ẹ pa dátà nígbà tẹ́ ò bá lò ó, àmọ́ ẹ rántí pé báńkì orí fóònù tó ń lo dátà ò ní fi owó tó wọlé hàn títí ẹ ó fi ṣí i padà. Ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì ò bá dára, fóònù á máa wá a kiri, ìwákiri yẹn á sì jẹ iná púpọ̀. Ẹ lo ètò ìfiná-pamọ́ tó wà nínú fóònù látàárọ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá ku 5%. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀ lè ní fóònù kékeré olóbọ́tìnnì lọ́tọ̀ fún ìpè àti aláàtì báńkì, torí ìyẹn lè lo ọjọ́ púpọ̀ kó tó béèrè iná.

5. Fóònù tàbí páwá báǹkì tí ẹ fẹ́ gbé pamọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kó wà ní ìdajì, kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ gbé e síbi tútù tó gbẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ yọjú wò ó, kẹ́ ẹ fi iná díẹ̀ kún un.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE FÚN BÁTÌRÌ OLÓJÉ

Ẹ yí ọ̀rọ̀ padà báyìí, nítorí ìwà rẹ̀ yàtọ̀.

Bátìrì olójé tí iná inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ìpẹ́pẹ́ funfun kan máa ń bo òjé inú rẹ̀. Tí a bá tètè ṣáàjì rẹ̀, ìpẹ́ yìí á yọ́ padà. Tí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, á dì gbagidi bí iyọ̀ tó dì sínú àpò, iná ò sì ní lè yọ́ ọ mọ́. Ohun tó ń pa làǹtánà wa nìyẹn. Ìyá á lò ó títí á fi kú lóru, á wá gbé e sí kọ̀rọ̀ títí di ìgbà tí iná bá tún lọ. Ọjọ́ tó bá fẹ́ lò ó, kò ní tàn.

Nítorí náà, ìlànà mẹ́rin ni.

Èkíní, ẹ ṣáàjì rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lò ó, kódà bó jẹ́ wákàtí kan lẹ lò. Ẹ má dúró kó tán.

Èkejì, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ti ń ṣú, tàbí tí fáànù bá ti ń rọra yí, ẹ pa á. Ẹ má fipá mu ún débi tó kẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta, tí ẹ ò bá lò ó rárá, ẹ fi í sí iná lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán. Bátìrì tó jókòó jẹ́ẹ́ pàápàá ń sọ iná nù díẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má sì fi í sí iná fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin láìyọ. Ọ̀pọ̀ làǹtánà olówó pọ́ọ́kú ni kò mọ bí a ṣe ń dá iná dúró tó bá ti kún. Omi inú rẹ̀ á gbẹ, ara rẹ̀ á sì wú. Wákàtí tí wọ́n bá kọ sára páálí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ìmọ̀ràn kan tún nìyí fún àwa tí iná ìjọba ń yọjú sí bí àlejò. Tí iná bá dé fún wákàtí méjì péré, làǹtánà àti fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i, nítorí wọ́n máa ń pẹ́ kó tó kún. Fóònù lè rí tiẹ̀ gbà lára páwá báǹkì.

ỌRÀN ṢÁJÀ ÀTI INÁ

Ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rù ṣájà tó lágbára ju ti fóònù wọn lọ. Ojúlówó ṣájà tó lágbára kì í ṣe fóònù ní nǹkan, nítorí fóònù fúnra rẹ̀ ló ń bu ìwọ̀n tó fẹ́. Bí ìkòkò omi ńlá ni. Bó ti wù kí omi inú rẹ̀ pọ̀ tó, ife tí èèyàn mú dání ló máa fi bù ú. Ayédèrú ṣájà ló léwu. Iná inú rẹ̀ kì í dúró lójú kan, ó lè gbóná débi tí ike rẹ̀ á fi yọ́. Ṣájà tó fúyẹ́ bíi páálí òfìfo, tó ń gbóná janjan, tàbí tó ń mú kí ojú fóònù máa ṣe wérewère, ẹ sọ ọ́ nù.

Iná NEPA náà, bí a ti ṣì ń pè é títí dòní, máa ń ga sókè nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tí iná bá lọ, ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri. Tó bá dé, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó kì í padà. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ tàn án ná, ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ balẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi fóònù sí i. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pa á, ẹ kọ́kọ́ yọ fóònù.

ÌWỌ̀N ÈKÉ LÓRÍ BÁTÌRÌ

Àwa ọlọ́jà mọ kóńgò tí wọ́n tẹ̀ nídìí wọnú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, inú rẹ̀ kéré. Ìwà yẹn náà wà nínú bátìrì. Lẹ́tà mAh tí ẹ máa ń rí lára bátìrì, òṣùwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Bátìrì lithium gbọọrọ tó wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń pè ní 18650, ojúlówó rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 3,500 mAh lọ. Tí ẹ bá wá rí i tí wọ́n kọ 9,900 sí i lára, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ. Kóńgò títẹ̀ ni.

Páwá báǹkì náà nìyẹn. Tí wọ́n bá kọ 10,000 mAh sí i lóòótọ́, kò túmọ̀ sí pé á ṣáàjì fóònù 5,000 lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí ni pé 3.7 volt ni wọ́n fi wọn bátìrì inú rẹ̀, 5 volt ló sì fi ń gbé iná jáde fún fóònù. Bí a bá ṣírò rẹ̀, 10,000 náà di 7,400. Díẹ̀ tún máa ń bá ooru lọ lójú ọ̀nà. Ohun tó máa dé inú fóònù lè má ju nǹkan bí 6,000 lọ. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn tí ẹ bá ń rajà.

Ẹ̀yin tó ń lọ ra ọjà ní Dubai tàbí ilẹ̀ China, ẹ rántí pé páwá báǹkì kì í wọ inú ẹrù tí wọ́n ń gbé sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Àpò ọwọ́ ló ń wà. Èyí tó bá ju 100 Wh lọ, tó jẹ́ nǹkan bí 27,000 mAh, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn ná.

TÍ BÁTÌRÌ BÁ WÚ

Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn fóònù ń gbé sókè, tàbí ojú rẹ̀ ń là, bátìrì ti wú nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló kóra jọ sínú rẹ̀. Ẹ má tún fi í sí iná mọ́, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún un kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni iná ti ń ṣẹ́ yọ. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ ilé, ẹ gbé e sórí yanrìn gbígbẹ tàbí sínú garawa irin, kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ kó bá yín yọ ọ́.

Tó bá ti gbiná, ẹ kọ́kọ́ pa iná ara ògiri. Ẹ da yanrìn púpọ̀ bò ó, tàbí kẹ́ ẹ da omi púpọ̀ lé e lẹ́yìn tí iná ògiri ti kú. Ẹ má simi èéfín rẹ̀, májèlé ni. Kí ọmọdé sún sẹ́yìn pátápátá.

Bátìrì tó ti kú, ẹ má jù ú sínú ìdọ̀tí tí à ń dáná sun. Ẹ kó wọn jọ sójú kan, kẹ́ ẹ kó wọn fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Bátìrì olójé ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ tàbí kó yọ́ òjé inú rẹ̀ lágbàlá yín. Òjé máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, ó sì ń ba ọpọlọ wọn jẹ́.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN ỌMỌ ẸGBẸ́ MÁA Ń BÉÈRÈ

"Wọ́n ní ká ṣáàjì fóònù tuntun fún wákàtí 8 ká tó lò ó. Ṣé òótọ́ ni?" Rárá o. Ìlànà àwọn bátìrì àtijọ́ nìyẹn. Ẹ tan fóònù tuntun, kẹ́ ẹ máa lò ó.

"Wọ́n tún ní ká jẹ́ kó kú pátá ká tó ṣáàjì rẹ̀, kó má baà gbàgbé bó ṣe ń kún." Òun náà ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní nickel-cadmium, tó wọ́pọ̀ kí lithium tó gba ọjà, ló ní ìwà yẹn. Lithium kò ní in. Ẹni tó bá ń pa á kú kó tó ṣáàjì rẹ̀, òun ló ń bà á jẹ́.

"Ṣé a lè fi í sí iná sùn?" Ojúlówó fóònù àti ojúlówó ṣájà á dá iná dúró tó bá kún. Àmọ́ wíwà ní 100% látòru mọ́jú kò dáa fún un. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣáàjì rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sùn. Tí kò bá ṣeé ṣe, ilẹ̀ tàbí orí tábìlì ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Kó má wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kó má wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ṣé a lè máa pè nígbà tó bá wà ní iná?" Ìpè kékeré ò ní ṣe é ní nǹkan tí ṣájà bá dára. Ṣùgbọ́n fídíò wíwò àti ìpè olójú-ń-rójú á mú un gbóná gan-an. Ẹ jẹ́ kó gba iná tán ná.

"Ṣé a lè fi làǹtánà sí iná nínú ìsọ̀ ká sì tilẹ̀kùn lọ sílé?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ibi tí kò bá sí ojú èèyàn, kò gbọ́dọ̀ sí bátìrì tó ń gba iná. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan, nítorí ìsọ̀ ẹnì kan ló ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlà ọjà ló máa ń jó. Ẹ jẹ́ ká máa rán ara wa létí lálaalẹ́: ká tó ti ìlẹ̀kùn, ká yọ ohun gbogbo kúrò lára iná.

ÀKÓPỌ̀ FÚN ẸNI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI PỌ̀ JÙ FÚN

Ti fóònù, POS àti páwá báǹkì: láàárín 20% sí 80%, níbi tútù, pẹ̀lú ojúlówó ṣájà.
Ti làǹtánà àti fáànù olójé: kó kún nígbà gbogbo, ká ṣáàjì rẹ̀ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, ká má fi í sílẹ̀ lófìfo.
Èyí tó bá wú: kò sí iná fún un mọ́, ìta ló ń lọ.
Ìsọ̀ tí a tì: kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun lára iná nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn tí kò lè kàwé nílà ọjà yín, kẹ́ ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá yín tajà, torí àwọn ló sábà máa ń fi nǹkan sí iná. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó gbé e wá sí ìpàdé, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọjà wa, kó ṣọ́ ilé wa. Bátìrì wa ò ní kú lọ́jọ́ tí aláàtì ńlá bá fẹ́ wọlé. Àmín o.